ÀGA ẸŃJÌNÌ TÍ KÒ NÍ RÌ SÍNÚ ẸRẸ̀
Bí Àwọn Ará Awoye Ṣe Lè Kàn Án Pẹ̀lú Pákó àti Bóòtì

Ní ìlú Awoye, ní etí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ tí tọmọdé tàgbà fi ń rìn. Ọkọ̀ ni apẹja fi ń lọ sí ojú agbami. Òun ni oníṣòwò fi ń kó ẹja lọ sí ọjà Ìgbókòdà, tí ó sì fi ń kó gàrí, kẹrosíìnì àti aṣọ bọ̀ wá sílé. Òun náà ni a fi ń gbé aláboyún tí ó ń rọbí lóru lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ẹ́ńjìnì tí ó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń ti gbogbo nǹkan wọ̀nyí síwájú. Ní ọjọ́ tí ó bá kọṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ìbàjẹ́ tí ó ń bá ẹ́ńjìnì kì í ṣe ti ojú omi nìkan. Òmíràn a máa bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀, nígbà tí a bá tú u kúrò lára ọkọ̀ nítorí ìbẹ̀rù olè, tàbí nítorí àtúnṣe. Ẹlòmíràn a gbé e ti ara ògiri pákó. Ẹlòmíràn a tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja bí igi ìdáná. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a ri igi méjì mọ́ inú ẹrẹ̀, a fi pákó dábùú wọn, a sì gbé ẹ́ńjìnì kọ́ ọ. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀, igi kan yóò ti rì ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnì náà yóò sì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí a ṣe lè kan àga kan tí yóò gbé ẹ́ńjìnì dúró ṣánṣán lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ ẸŃJÌNÌ WÀ NÍ ÌDÚRÓ

Nígbà tí Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ jáde fún títà ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1909, agbára ẹṣin kan àti ààbọ̀ péré ni ó ní, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 28 lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo lè gbé e sí èjìká. Ilé iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1960, orúkọ náà sì ti di ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀ ní etí omi. Lónìí, ẹ́ńjìnì alágbára ẹṣin 15 a máa wọ̀n tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 36. Ti alágbára ẹṣin 40 a máa lé ní 70, èyí tí ó súnmọ́ ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀. Ẹ́ńjìnì ti kúrò ní ohun tí ènìyàn kan ń dá gbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà gbé e kalẹ̀ kò tíì yí padà.

Omi òkun ni ẹ́ńjìnì ń fà sínú láti fi tu ara rẹ̀ lára nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tú u kúrò nínú omi, tí ó sì wà ní ìdúró, omi náà yóò ṣàn jáde láti ìsàlẹ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí omi náà tó jáde tán, pàápàá tí orí rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, omi lè gba ojú ọ̀nà èéfín wọ inú ibi tí epo ti ń jó. Omi oníyọ̀ tí ó bá sùn síbẹ̀ yóò mú kí irin dípẹtà. Ẹni tí ó ni ẹ́ńjìnì kò ní rí i lọ́jọ́ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iyọ̀ ṣe ń jẹ irin, títí di ọjọ́ tí a óò fa okùn ẹ́ńjìnì tí kò ní dáhùn mọ́.

Ìdí kejì ni ti òróró inú ìdí ẹ́ńjìnì, níbi tí àwọn irin eléyín tí ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà. Ó yẹ kí a máa yẹ òróró yìí wò, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní ìdúró ni ó lè ṣàn jáde tán. Bí ó bá jáde ní funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, rọ́bà tí ó yẹ kí ó dí omi mọ́ ìta ti gbó. Ẹni tí ó bá tètè rí èyí yóò pààrọ̀ rọ́bà kékeré. Ẹni tí kò bá rí i yóò pààrọ̀ gbogbo irin eléyín náà.

Ìdí kẹta ni ti ààbò. Ẹ́ńjìnì tí ó fi ara ti ògiri lè yọ̀ bọ́ lu ọmọdé tí ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Ó lè fọ́ ìka ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Bí ó bá sì ṣubú lu abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, irin tí abẹ̀bẹ̀ náà wà lórí rẹ̀ lè tẹ̀, ọkọ̀ náà yóò sì máa gbọ̀n nígbàkúùgbà tí ó bá ń sáré.

BÍ ILẸ̀ AWOYE ṢE RÍ

Ní Èkó àti ní Badagry, iyanrìn ni ó wà ní etí òkun. Ti Awoye kò rí bẹ́ẹ̀. Etíkun alámọ̀ ni, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní etíkun ẹrẹ̀ ti Màhìn, tí ó gba agbègbè Ìlàjẹ kọjá lọ sí ìhà ẹnu Odò Benin. Ẹrẹ̀ náà kúnná, ó rọ̀, omi sì wà nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Nítorí èyí ni a ṣe kọ́ ilé sórí òpó, tí a sì fi pákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé.

Ní àwọn ìlú tí ilẹ̀ wọn le, àwọn mẹkáníìkì a máa gbé ẹ́ńjìnì sórí àga onírin tí ó ní táyà kéékèèké mẹ́rin. Irú àga bẹ́ẹ̀ dára lórí sìmẹ́ńtì. Lórí ẹrẹ̀, táyà kékeré a máa wọlé bí ọ̀bẹ ti ń wọ ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹsẹ̀ kan bá bá ibi tí ó rọ̀ ju ìyókù lọ pàdé, àga náà yóò dojú dé, òun àti ẹrù rẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí ẹsẹ̀ àga bá jẹ́ ínǹṣì 3 ní ìbú lọ́nà méjèèjì, ojú ẹsẹ̀ kan tó tẹ ilẹ̀ jẹ́ 3 lọ́nà 3, èyí tí í ṣe 9. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 36. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ẹsẹ̀ náà kúrò lórí ilẹ̀, tí a sì gbé gbogbo àga sórí pákó méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tí ó sì fẹ̀ ní ínǹṣì 12, ojú pákó kan jẹ́ 60 lọ́nà 12, tí í ṣe 720. Pákó méjèèjì jẹ́ 1,440. Ìlọ́po 40 ti àkọ́kọ́ ni èyí. Ẹrù kò dín, ṣùgbọ́n agbára tí ó fi ń tẹ ibi kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ ti dín kù ní ìlọ́po 40. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì. Obìnrin tí ó fẹ́ ru ìkòkò omi a kọ́kọ́ ká òṣùká sí orí, kí ìwúwo ìkòkò lè tàn káàkiri. Pákó méjì wọ̀nyí ni òṣùká tí a fi sí abẹ́ ẹ́ńjìnì.

IGI ÀTI IRIN TÍ A ÓÒ LÒ

Igi tí ó le tí omi kì í tètè jẹ ni kí a wá fún àwọn pákó tí yóò kan ẹrẹ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ sí igi afárá àti ti èbúté. Ìrókò náà dára. Abura a máa rọrùn láti rẹ́ àti láti kàn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà níbi tí ó tutù. Kí a má ṣe fi í sí ìsàlẹ̀. Pákó ọkọ̀ àtijọ́ tí ara rẹ̀ ṣì le náà wúlò, bí a bá ti gé ibi tí ó ti jẹrà kúrò. Àwọn ohun tí a óò wá nìwọ̀nyí:

Pákó ìtẹ̀lẹ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 12, tí ó sì nípọn ní ínǹṣì 1½.

Igi ìdábùú mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3½, ínǹṣì 2 lọ́nà ínǹṣì 4.

Òpó méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 2, ínǹṣì 3 lọ́nà ínǹṣì 3.

Pátákó orí kan, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 10, tí ó sì nípọn ní ínǹṣì 1½. Òun ni yóò dípò ẹ̀yìn ọkọ̀, òun sì ni ẹ́ńjìnì yóò dì mú.

Igi ìtì mẹ́rin, ínǹṣì 2 lọ́nà ínǹṣì 3: méjì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3½, àti méjì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3.

Bóòtì àti nọ́ọ̀tì tí ó nípọn tó ààbọ̀ ínǹṣì, pẹ̀lú wáṣà tí ó fẹ̀ lábẹ́ orí àti lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Ó dára kí wọ́n jẹ́ irú èyí tí a fi síǹkì bò kí wọ́n má baà tètè dípẹtà.

A lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò lo ìṣó, nígbà tí bóòtì wọ́n jù ú lọ? Èkíní, ẹ́ńjìnì a máa gbọ̀n nígbà tí a bá tan án. Igi tí omi ń rin lónìí tí oòrùn ń gbẹ lọ́la a máa wú, a sì máa sún. Ohun méjèèjì wọ̀nyí ń tú ìṣó díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó kàn án kò sì ní mọ̀. Bóòtì ní tirẹ̀ ṣeé fi sípánà dì padà. Èkejì, òkun ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Awoye, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì ti ní láti kó ilé wọn sẹ́yìn. Àga tí a fi bóòtì dè ṣeé tú palẹ̀, kí a kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù ilé, kí a sì tún un tò ní ibùdó tuntun. Èyí tí a fi ìṣó kàn yóò fọ́ nígbà tí a bá ń tú u.

BÍ A ÓÒ ṢE KÀN ÁN

Kí a tó gé igi kankan, kí a kọ́kọ́ wọn ẹ́ńjìnì. Irú méjì ni ó wọ́pọ̀: èyí tí ìdí rẹ̀ kúrú, tí a ṣe fún ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ga ní ínǹṣì 15, àti èyí tí ìdí rẹ̀ gùn, tí a ṣe fún ínǹṣì 20. Gíga òpó tí a sọ lókè yìí wà fún èyí tí ìdí rẹ̀ gùn. Fún èyí tí ó kúrú, kí a gé òpó kù ní ínǹṣì 5, kí a sì gé igi ìtì ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbẹ́ abẹ́ pákó ìtẹ̀lẹ̀ ní orí méjèèjì, kí ó gbé imú sókè díẹ̀ bí imú ọkọ̀. Pákó tí imú rẹ̀ bá gbé sókè yóò yọ̀ lórí ẹrẹ̀ nígbà tí a bá fi okùn fà á. Èyí tí imú rẹ̀ bá ṣe gbọọrọ yóò máa wa ẹrẹ̀ jọ síwájú. Kí a kun pákó náà ní ọ̀dà dúdú tí a fi ń kun ọkọ̀, lójú, lẹ́yìn àti ní gbogbo ojú ibi tí ayùn ti kọjá, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa.

Kí a tẹ́ pákó méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àlàfo ínǹṣì 18 wà láàrin wọn. Kí a fi igi ìdábùú kan so wọ́n pọ̀ ní iwájú, òmíràn ní ẹ̀yìn. Ti ẹ̀kẹta ni kí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí orí iwájú. Lára igi kẹta yìí ni kí a gbé òpó méjèèjì dúró, òpó kan ní àárín gbùngbùn pákó kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi bóòtì dè wọ́n mọ́ ọn.

Ó lè ya gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́nu pé a kò gbé òpó sí àárín gẹ́lẹ́ lórí gígùn pákó. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì kì í jókòó lórí òpó. Ẹ̀yìn òpó ni ó ń rọ̀ sí. Bí òpó bá wà ní iwájú díẹ̀, ìwúwo ẹ́ńjìnì ni yóò bọ́ sí àárín pákó, ilẹ̀ yóò sì gbé e dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn. Bí òpó bá wà ní àárín, ìwúwo yóò bọ́ sí ẹ̀yìn, imú pákó yóò gbé sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa rì.

Igi ìtì ni ó kàn. Kí èyí tí ó gùn wà ní ẹ̀yìn òpó kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ó kúrú wà ní iwájú. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2½ lára òpó, kí wọ́n sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ dé orí pákó ìtẹ̀lẹ̀. Bí ènìyàn bá fi igi mẹ́rin ṣe férémù, tí ó sì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò wọ́. Ṣùgbọ́n igi mẹ́ta tí a so lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í wọ́, àfi bí igi bá ṣẹ́ tàbí bí ìdè bá tú. Ìgbákúùgbà tí a bá fi igi ìtì sí i, igun mẹ́ta ni a ń dá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín igi kù kí ó má ṣe dín wọ̀nyí.

Ìgbẹ̀yìn ni pátákó orí. Kí a fi bóòtì méjì dè é mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan ní ìhà ẹ̀yìn, kí orí rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú orí òpó. Pátákó yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ igi líle tí kò ní kókó tàbí ìlà sísán kankan. Bí igi rírọ̀ ni, àwọn skúrù ẹ́ńjìnì yóò máa jẹ ẹ́ wọlé, ìdìmú wọn yóò sì máa tú.

Kí a lu ihò sí iwájú pákó ìtẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún okùn. Ìgbà tí àga bá ṣófo nìkan ni kí a fà á. Bí a bá fẹ́ kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn, kí ènìyàn méjì gbé ẹ́ńjìnì, kí àwọn mìíràn sì fa àga.

KÍ A DÁN AN WÒ KÍ A TÓ GBẸ́KẸ̀ LÉ E

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ́ńjìnì dán àga tuntun wò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi bá kún a máa wọ̀n ní kìlógíráàmù 25 ó lé díẹ̀. Mẹ́rin irú rẹ̀ ju ìwọ̀n ẹ́ńjìnì alágbára ẹṣin 40 lọ. Kí a so kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wọ̀nyí rọ̀ sí ẹ̀yìn pátákó orí, kí a gbé àga sí ibi tí ẹ́ńjìnì yóò máa wà, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a wò ó: ǹjẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan rì ju èkejì lọ? Ǹjẹ́ ìdè kankan ti yẹ̀? Ǹjẹ́ igi kankan ti sán? Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rì, kí a wá ibòmíràn, tàbí kí a tẹ́ igi wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Kí a tún gbogbo bóòtì fún. Ó sàn kí kẹ́ẹ̀gì omi ṣubú ju kí ẹ́ńjìnì ṣubú lọ.

BÍ A ÓÒ ṢE LÒ Ó

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, kí ènìyàn méjì gbé ẹ́ńjìnì wá, kí orí rẹ̀ máa wà lókè ní gbogbo ìgbà. Kí a gbé e kọ́ pátákó orí ní àárín gẹ́lẹ́, kí a dì skúrù méjèèjì bákan náà, kí a sì fi okùn tí ó yi so ó mọ́ òpó, bí skúrù bá tilẹ̀ yẹ̀. Kí a jẹ́ kí gbogbo omi inú rẹ̀ ro jáde. Kí ibi tí àga wà kọjá ibi tí omi ń dé nígbà tí òkun bá kún, kí a sì so àga náà mọ́ òpó ilé.

Ó dára púpọ̀ kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ inú ẹ́ńjìnì. Nítorí èyí ni a ṣe fi àyè sílẹ̀ láàrin òpó méjèèjì, kí àgbá irin tí a gé lórí lè wọ ibẹ̀. Kí etí àgbá náà fi nǹkan bí ínǹṣì 4 ga ju irin pẹlẹbẹ tí ó nà jáde lókè abẹ̀bẹ̀ lọ. Kí a tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sórí àlàfo, kí a gbé ẹ́ńjìnì fì sókè, kí a ti àgbá sí abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí a tó sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí kí a bu omi òjò sí i títí yóò fi bo irin pẹlẹbẹ náà. Ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa omi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí a bá ti tan ẹ́ńjìnì, kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìfi í sí jíà. Omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde láti ara rẹ̀. Bí a kò bá rí i, kí a pa á lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ́ńjìnì láìsí omi, àní fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tí ń fa omi sókè. Omi kan náà ni ó ń mú kí ó yọ̀. Bí kò bá rí omi, yóò gbóná, yóò sì jóná.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé omi tí kò ní iyọ̀ ṣọ̀wọ́n ní etí òkun. Omi mímu ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ní ìgbà òjò, ó ṣeé ṣe láti fọ ẹ́ńjìnì lemọ́lemọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a má ṣe jẹ́ kí ó kéré tán kí a fọ̀ ọ́ kí a tó fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí ìgbà tí ó bá ń sinmi ni iyọ̀ inú rẹ̀ ń ráyè ṣiṣẹ́. Bí a bá fi omi sílẹ̀ nínú àgbá, kí a dé e pinpin kí ẹ̀fọn má baà yé sí i, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi náà mu.

ÀWỌN EWU TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Àgbá tí ó ti gbé epo pẹtiróòlù rí kì í ṣe ohun tí a ń fi iná gé. Bí ó bá tilẹ̀ gbẹ lójú, èéfín epo ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì lè bú gbàmù pa ẹni tí ń gé e. Àgbá tí ó gbé ohun mìíràn tí kì í gbiná ni kí a wá. Kí a má ṣe tan ẹ́ńjìnì nínú ilé tí a sé ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé, nítorí pé èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn láìní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún un tó. Kí a tú okùn epo kúrò lára ẹ́ńjìnì bí a bá ti parí iṣẹ́, kí a sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà sí ibi ìdáná. Kí ọmọdé má ṣe súnmọ́ àga náà, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣooṣù, kí a fi sípánà yẹ gbogbo bóòtì wò, kí a sì fi orí ọ̀bẹ gún abẹ́ pákó ìtẹ̀lẹ̀ wò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé láìjà, pákó náà ti ń jẹrà, àkókò tó láti pààrọ̀ rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ ỌWỌ́ ÌLÀJẸ KÁ

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì fún àwọn ará Ìlàjẹ. Ìlú Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, di ìlú olókìkí nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará rẹ̀, títí kan ọkọ̀ kíkàn. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní Ayétòrò náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn kì í bá ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá lè kan ọkọ̀ tí omi kò ní wọ̀ lè kan àga yìí láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Bí agbára ẹnì kan kò bá ká igi àti bóòtì, kí olówó ẹ́ńjìnì mẹ́rin tàbí márùn-ún ní àdúgbò kan náà da owó pọ̀. Kò di dandan kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, nítorí àga kan tó fún àtúnṣe àti fífọ̀ ẹ́ńjìnì wọn ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú sípánà àti okùn, kí wọ́n sì gbé àga náà sí ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà àti mẹkáníìkì àdúgbò lè dé ní ìrọ̀rùn.

A rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwé yìí ní ilé ìkàwé pé kí ó kà á sókè fún àwọn apẹja tí kò mọ̀wé, kí ó sì fún gbẹ́nàgbẹ́nà ní àwọn ìwọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀. Kí a kàn án ṣáájú àkókò òjò ńlá, nígbà tí igi ṣì gbẹ tí ọ̀dà sì lè mú un dáadáa.